Àlàfo ẹ̀yìn ìjókòó ló máa yan wúfà fún yín

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbí ni mò ń gbé. Mo ní Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin kan, òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́, òun náà ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ mẹ́ta lọ sílé ìwé. Nígbà tí mo lọ sí Èkó, mo ra wúfà oníńṣì 12 méjì, àwọn sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, àti ámpílífáyà kan, ẹ̀rọ tó ń fún wọn lágbára, tí wọ́n kọ 4000 wáàtì sí lára. Ẹni tí mo gbé e fún ní àfi kí òun yọ ìjókòó ẹ̀yìn kúrò kó tó lè wọlé. Ìyàwó mi ní òun ò gbà. Ṣé kò sí bí wúfà méjèèjì ṣe lè wọ ẹ̀yìn ìjókòó láìyọ ọ́? Ẹni náà tún ní iná iwájú ọkọ̀ á máa ṣẹ́jú, pé kí n ra kapásítọ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ìyàwó yín ló jàre, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí wọn. Ìjókòó tí ọmọ mẹ́ta ń jókòó lé, a kì í yọ ọ́ nítorí rédíò. Wúfà oníńṣì 12 méjì yẹn kò sì ní í wọ ẹ̀yìn rẹ̀, bí a gún bí a lù. Ṣùgbọ́n ohùn tí ẹ torí ẹ̀ náwó, èyí tó máa ń dún bí ẹni pé wọ́n gbé gbẹ̀du kalẹ̀ sẹ́yìn ọrùn èèyàn, ìyẹn lè wọ ibẹ̀ dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ni pé ẹ ra wúfà kí ẹ tó wọn àlàfo. Àlàfo ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ gbọ́ nọ́ńbà rẹ̀. Wúfà oníńṣì 12 tó jẹ́ ògidì, tí kì í ṣe pẹlẹbẹ, láti etí rẹ̀ dé ìdí mágínẹ́ẹ̀tì máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 18. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ àpótí tí inú rẹ̀ gba bíi lítà 28 sí 35. Méjì, ó kéré tán, lítà 56. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì, kí ẹ gbìyànjú àtitì wọ́n sẹ́yìn ìjókòó yín, kí ẹ sì ti ìjókòó padà. Kẹ́ẹ̀gì ọ̀hún ò tíì tó wúfà yẹn o.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kò burú, àwọn á kan àpótí kékeré fún un. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Atẹ́gùn tó wà nínú àpótí máa ń ṣe bíi sípíríǹgì lẹ́yìn wúfà. Bí àpótí bá kéré jù, sípíríǹgì yẹn á le koránkorán, ojú wúfà ò ní í lè rìn dáadáa, ohùn ìsàlẹ̀ gan-an á sá lọ, ohun tó máa kù ni ohùn kan ṣoṣo tí yóò máa dún gbùm-gbùm, orin yòówù kí ẹ fi sí i. Ẹ ti gbọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní Old Garage: ẹ ò ní í mọ̀ bóyá fújì ni wọ́n ń gbọ́ àbí ìwàásù.

Tí wọ́n bá gbé Hilux wá bá mi, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wá kì í ṣe sípánà. Páálí ni. Páálí Indomie dáa, ó le níwọ̀nba, ọ̀bẹ sì ń gé e wẹ́rẹ́. Màá tú ẹ̀yìn ìjókòó síwájú, màá kó jáàkì àti irin tí wọ́n fi ń tú táyà jáde bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Kì í ṣe gbogbo Hilux ló rí bákan náà, ọdún tí wọ́n ṣe é ló máa sọ. Nígbà náà ni màá wá wọn ibi mẹ́ta: láti ara irin ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn ìjókòó lókè, láàrin, àti nísàlẹ̀.

Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ ni pé ìjókòó gbọ́dọ̀ ti padà sí àyè rẹ̀ kí wíwọ̀n yẹn tó jóòótọ́, bó bá sì ti padà, ọwọ́ ò lè wọbẹ̀ mọ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ṣe máa ń wọ̀n ọ́n nígbà tí ìjókòó ṣì tẹ̀ síwájú. Wọ́n á kan àpótí tó rẹwà, wọ́n á ti ìjókòó, kò ní í há. Dípò kí wọ́n gé àpótí kù, wọ́n á ní kí oníbàárà máa rọra jókòó tì í. Ìjókòó tí kò há, ẹ fi búrẹ́ẹ̀kì kan péré wá a wò, ẹ ó rí ibi tí ọmọ máa bá ara rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń po amọ̀, màá wé e sínú ọ̀rá ní ìṣù mẹ́ta, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ẹ̀yìn níbi mẹ́ta yẹn, màá ti ìjókòó padà títí màá fi gbọ́ kàtà lápá ọ̀tún àti kàtà lápá òsì. Màá ní kí ẹni tó sanra jókòó, kó fẹ̀yìn tì dáadáa. Tó bá dìde, màá tú ìjókòó, màá fi tépù wọn bí amọ̀ ṣe nípọn tó. Àlàfo yín gan-an nìyẹn, kò sí irọ́ nínú ẹ̀. Ọmọṣẹ́ mi kan ò rí amọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ̀bà tó kù lówùúrọ̀ ló lò. Mo bá a wí títí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó mú jáde pé pérépéré.

Lẹ́yìn èyí ni màá gé páálí bí àpótí ṣe máa rí, màá fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, màá gbé e síbẹ̀. Bí páálí bá tẹ̀, àpótí gidi ò ní í tẹ̀, ìjókòó ló máa jìyà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò. Ká ní inú àpótí yóò fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, yóò ga ní 36, yóò jìn ní 5 lókè àti 9 nísàlẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ìjókòó dagun. Inú ni mo wí o, ẹ ò tíì ka nínípọn pákó mọ́ ọn. Ẹ ro 5 àti 9 pọ̀, ẹ pín in sí méjì, 7 nìyẹn. 90 lọ́nà 36 lọ́nà 7 jẹ́ 22,680. Ẹ fi 1,000 pín in: lítà 22 àti díẹ̀. Tí ẹ bá yọ àyè tí pákó àárín gbà àti àyè tí ìdí wúfà gbà, ó kù bíi lítà 10 fún yàrá kọ̀ọ̀kan nínú yàrá méjì.

Lítà 10 yẹn ni wúfà pẹlẹbẹ oníńṣì 8 ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ lítà 6 sí 10, jíjìn wọn kò sì máa ń ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Ẹ fi ọkàn balẹ̀, mo mọ̀ pé 8 á kọ́kọ́ dà bí ìyà létí ẹni tó ti ra 12. Ṣùgbọ́n ojú wúfà ló ń ti atẹ́gùn, ojú yẹn sì ń tóbi bí ẹ bá fi ìbú rẹ̀ lọ́nà ara rẹ̀. 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144. 10 lọ́nà 10 jẹ́ 100. 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64, ṣùgbọ́n méjì rẹ̀ jẹ́ 128. Ẹ rí i pé ìńṣì 8 méjì ju 10 kan lọ, ó sì súnmọ́ 12 kan. Èyí tí mo máa rà fún ọkọ̀ tèmi nìyẹn. Àwọn 12 yín, ẹ tà wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú páálí wọn.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, orúkọ tó wà lójú rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ wo ìwé inú páálí, ẹ wá jíjìn rẹ̀ láti etí dé ìdí, àti iye lítà tó fẹ́ nínú àpótí tó dí pinpin. Ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ láàrin ìdí mágínẹ́ẹ̀tì àti pákó ẹ̀yìn kó lè rí ibi mí. Níwájú náà, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà méjì ó lé díẹ̀ sílẹ̀ láàrin ojú wúfà àti ìjókòó, nítorí ojú yẹn máa ń yọ síta bó bá ń lù. Bí fóòmù ìjókòó bá ń kàn án, á máa dún pàràpàrà, kò sì ní í pẹ́ ya.

Mo ní àpótí tó dí pinpin. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ihò tàbí páìpù sí i. Àpótí oníhò ń fẹ́ àyè tó ju èyí lọ dáadáa, àyè tí ẹ ò ní. Inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì máa bá yín ṣe nínú iṣẹ́ náà: yàrá kékeré tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ tì máa ń gbé ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sókè, ibi tí àpótí tó dí pinpin sì ti ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ gan-an nìyẹn. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì ń gbọ̀n bíi ìgbà 41 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi jùjú King Sunny Adé dán an wò, Òṣogbo níbí náà ni wọ́n ṣáà bí wọn sí ní 1946. Bí ẹ bá ń gbọ́ bí okùn gìtá ṣe ń kúrò lórí ohùn kan bọ́ sórí òmíràn, àpótí yín dáa. Bó bá jẹ́ gbùm kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ padà sọ́dọ̀ kápẹ́ńtà.

Kápẹ́ńtà yẹn, ẹ bá mi sọ fún un pé kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ló ń kàn. Pákó MDF, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀ igi lẹ̀ pọ̀ ṣe, tó nípọn tó mìlímítà 18 ni kó fi ṣe iwájú. Kó fi gọ́ọ̀mù funfun sí gbogbo ojú ìpàdé kó tó kàn án, kó tún po ìyẹ̀ pákó mọ́ gọ́ọ̀mù kó fi dí igun inú. MDF ò fẹ́ràn omi, ó máa ń wú bí búrẹ́dì inú tíì, ẹ sì mọ̀ pé òjò Òṣogbo máa ń wá ihò wọ ọkọ̀ àtijọ́. Kó kun tinú tòde kó tó fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó. Nígbà tí ó bá ń dún, ẹ fi omi pa ọwọ́, ẹ fi lọ gbogbo etí àpótí. Ibi tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ yín lọ́wọ́, ibẹ̀ ń jò.

Ó ku ámpílífáyà yín oní 4000. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ẹ ka fíúsì. Bí ẹ bá rí 20 méjì, áńpíà 40 nìyẹn, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gba ibẹ̀ kọjá. 40 lọ́nà fóltì 13.8 jẹ́ 552 wáàtì. Bí ẹ bá kó gbogbo agbára tó ń wọlé jọ, kò lè pẹ́ lórí ohun tó ju ìyẹn lọ kí fíúsì tó já. Bó bá sì jẹ́ irú àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní AB, bíi ìdajì ló ń di ohùn, ìyókù ń di ooru. Irú D ń sọ bíi 80 nínú ọgọ́rùn-ún di ohùn. Níbo wá ni 4000 ti jáde? Ẹni tó tẹ páálí ló mọ̀. Nọ́ńbà tí ẹ máa wá nínú ìwé rẹ̀ ni èyí tí wọ́n kọ RMS sí, ìyẹn agbára tó lè máa gbé jáde láìdákẹ́, ní ómù 4. Ómù ni wọ́n fi ń wọn bí wúfà ṣe ń dí iná lọ́nà tó.

Ẹ má sọ ọ́ nù o. Bó bá jẹ́ olójú ọ̀nà méjì, ìyẹn ibi méjì tí ohùn ń gbà jáde lọ sí wúfà, tó ń gbé bíi 75 wáàtì RMS jáde lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó tó ìńṣì 8 méjì yín. Ẹ ra wúfà oní ómù 4, ẹ fi ọ̀kan sí ojú ọ̀nà kìn-ín-ní, èkejì sí ìkejì. Ẹ má so méjèèjì pọ̀ sójú kan, nítorí ómù 4 méjì tí wọ́n so ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn á di 2, ọ̀pọ̀ irú ámpílífáyà bẹ́ẹ̀ ò sì lè gbé 2 bí wọ́n bá ti da ojú ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Á kọ́kọ́ gbóná, lẹ́yìn náà á pa ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wáyà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí ó ti ṣe mí rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù, mo ṣe iṣẹ́ fún bàbá kan tó ń fi píkọ́ọ̀pù ṣòwò. Mo gba ihò ara irin tó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ dírẹ́bà mú wáyà bátìrì wọlé, mi ò fi rọ́bà sí etí ihò náà. Fíúsì, ẹ̀gbẹ́ ámpílífáyà lẹ́yìn ni mo fi sí, ó dùn ún wò níbẹ̀. Irin yẹn ń ha wáyà díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń bọ́ sí kòtò. Kò pé oṣù kan. Bàbá wà lójú ọ̀nà Ìwó nígbà tí wọ́n gbóòórùn rọ́bà tó ń jó, èéfín ń jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Fíúsì mi tó wà lẹ́yìn ò mọ nǹkan kan sí i, nítorí iwájú rẹ̀ ni iná ti já. Ọlọ́run ló yọ wá, sípánà 10 wà lápò ilẹ̀kùn, wọ́n tú orí bátìrì. Owó wáyà ọkọ̀ tí mo san, mi ò ní í gbàgbé láéláé. Ìkúùkù tí mo rò pé wọ́n máa fún mi ò wá. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí."

Látìgbà náà, fíúsì mi kì í jìnnà sí orí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, ihò kì í sì í wà láìní òrùka rọ́bà. Fún iṣẹ́ tiyín, fíúsì 40 àti wáyà bàbà nọ́ńbà 8 tó. Ẹ fi abẹ ha ojú wáyà náà wò kí ẹ tó sanwó: bí inú rẹ̀ bá funfun bíi ṣíbí, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ẹ gba èyí tó nípọn jù ú lọ, nọ́ńbà 4, nítorí bí nọ́ńbà wáyà bá ṣe kéré tó ló ṣe ń nípọn tó. Wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń so ámpílífáyà mọ́ irin ara ọkọ̀, kó kúrú, ẹ ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi dán kí ẹ tó de bóòtù rẹ̀, kó má sì jẹ́ bóòtù bẹ́líìtì ìjókòó. Ẹ gbé wáyà bátìrì gba ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀, wáyà tó ń gbé orin láti ara rédíò gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, á máa hu wíììn létí yín bí ẹ bá ṣe ń tẹ tọ́tù.

Ara irin ẹ̀yìn, lẹ́yìn ìjókòó yẹn, ẹ wò ó bóyá ojú atẹ́gùn kan wà níbẹ̀ tó ní awẹ́ rọ́bà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà jáde bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn. Tí àpótí bá dí i, ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í le í tì, etí àwọn ọmọ á máa ró, ẹ ó sì máa rò pé ilẹ̀kùn ló bàjẹ́. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ fún un. Bí ìkọ́ tí wọ́n fi ń de ìjókòó ọmọdé bá wà níbẹ̀, ẹ má bò ó. Àpótí náà gbọ́dọ̀ ní irin igun tí bóòtù dè mọ́ bọ́dì ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ìjókòó nìkan ló ń tì í mú. Kí ẹ tó lu ihò, ẹ wo ohun tó wà lódì kejì, kí ẹ sì kun ihò náà kí ìpẹtà má mú un.

Bí irin ẹ̀yìn bá ń gbọ̀n jìgìjìgì, rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀ wà lọ́jà, ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tó ń gbọ̀n nìkan. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń dí òrùlé tó ń jò, ẹ má lò ó. Lóṣù kẹta ọdún á yọ́, inú ọkọ̀ á máa rùn bí ojú ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Fún yíyí rẹ̀, ẹ ní kí rewáyà fi ibi tó ń gé ohùn òkè lára ámpílífáyà sí 80, ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 80 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, kó fi béèsì búùsì, bọ́tìnnì tó ń fi kún béèsì, sí òdo pátápátá. Kó tú wáyà wúfà, kó fi ohùn 50 tó jẹ́ ti ìdánwò sínú rédíò, kó gbé rédíò sókè dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kó wá fi mítà wo fóltì AC lẹ́nu ámpílífáyà. 75 wáàtì lọ́nà ómù 4 jẹ́ 300, nọ́ńbà tí a fi lọ́nà ara rẹ̀ tó fi jẹ́ 300 ni 17.3. Kó rọra yí bọ́tìnnì géènì ara ámpílífáyà títí mítà á fi kọ 17.3, kó dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá ní etí lòun fi ń yí i, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yí tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kapásítọ̀, ẹ fi owó yẹn ra epo. Kapásítọ̀ kì í pèsè iná, ó kàn ń tọ́jú ìwọ̀nba tí bátìrì fún un ni, ìṣẹ́jú àáyá kan ò ní í pé tó fi tán. Bí iná iwájú bá ń ṣẹ́jú, ẹ fi mítà wo bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ó yẹ kó wà ní bíi 12.6, bó bá ń ṣiṣẹ́, kó wà láàrin 13.8 sí 14.4. Bí kò bá dé 13.8, alternator tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ ni kí ẹ bi. Bó bá dé e, ẹ fọ orí bátìrì, ẹ tún wáyà ẹ́ẹ̀tì dè. Wáàtì 150 yìí ò tó ohun tó yẹ kó mú iná Hilux ṣẹ́jú.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan o. Ẹ lọ po amọ̀ yín, kí ẹ fi nọ́ńbà mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Kí ẹ sì sọ bóyá ìyàwó yín ló jókòó tì í àbí ẹ̀yin, nítorí ó máa ń yàtọ̀.